Agolo Tí Kọmíṣọ́nnà Kò Tí Ì Ṣí

Kí ènìyàn tó kí Olóyè Túbọ̀sún Bọ́lárìnwá ní òwúrọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, nítorí orúkọ ọkùnrin náà gùn ju èémí lọ. Alàgbà ni. Olóyè ni. Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Igbein. Ọ̀mọ̀wé sì tún ni, nípasẹ̀ yunifásítì òkèèrè kan tí kò ní ilé, tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n tí ó ní akápò. Gbogbo rẹ̀ pátá ni àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Àbójútó Ọkọ̀ Ìjọba gbọ́dọ̀ kà jáde lórí ìlà bí ó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá fo ẹyọ kan, Olóyè á padà sínú ọkọ̀, á pa ilẹ̀kùn dé, wọn á sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òjò ti pa odidi ẹ̀ka ìṣirò owó rí nítorí pé wọ́n gbàgbé Ẹgbẹ́ Akọrin.

Oyè kan wà tí wọn kì í kà, òun gan-an sì ni iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún un. Ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀: Adelé Adarí Àgbà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ń yún Olóyè lára ju kúrúnà lọ. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí Olóyè máa bójú tó ibẹ̀ ná, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ náà ti ń kan ilẹ̀kùn báyìí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun rẹ̀, ni pé òun lè fi adelé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì kà á bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìsìnkú òun, níwájú gbogbo Ẹ̀gbá.

"Bàbá Ọpẹ́," ni Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, obìnrin tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, "ẹni tó ti wà nínú pósí, kí ló kàn án nínú ohun tí wọ́n ń kà lókè?"

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ̀yin Mẹ́tọ́díìsì ò mọ ètò," ni Olóyè á fèsì, nítorí Áńgílíkà ni òun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a yọ adelé yẹn kúrò, Kọmíṣọ́nnà ni. Kọmíṣọ́nnà ọ̀hún, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, kò sì tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ Àjọ náà rí. Báwo ni yóò ṣe wá? Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ kúkú mọ̀, àwọn ẹni ńlá kì í wá wo ènìyàn, nǹkan ni wọ́n ń wá ṣí. Bí ẹ bá ní ilé tuntun, wọn á wá ṣí i. Bí ẹ bá ní ilé ìyàgbẹ́ tuntun, wọn á wá pẹ̀lú akọ̀ròyìn. Olóyè kò ní ilé, kò ní ilé ìyàgbẹ́, Àjọ rẹ̀ kò sì rí owó kọ́ ọ̀kankan. Ibi tí ó ti ń wá ohun tí wọn yóò bá a ṣí ni ọ̀rọ̀ agolo ti dé.

Ìjọba fún un ní jíìpù dúdú kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, tó sì ní tọ́bò. Tọ́bò yìí ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fẹ́ ẹwìrì, kí ọkọ̀ lè lágbára ju ara rẹ̀ lọ. Olóyè fẹ́ràn tọ́bò yẹn débi pé ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú àyà òun ni wọ́n dè é sí. Bí ẹnì kan bá bi í pé báwo ni ara, á ní, "Tọ́bò ń ṣiṣẹ́."

Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé jíìpù lọ sí àgbàlá ọkọ̀ Àjọ ní Kọ́bapẹ́ fún ìtọ́jú. Èyítáyọ̀ ni olórí mẹkáníìkì níbẹ̀, ọkùnrin aláriwo kan tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí ohun gbogbo tí ó mọ̀ jẹ́ ohun tó rí lórí fídíò, tó sì máa ń gbéra ga nítorí ẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mi orí bíi dókítà tó fẹ́ gba owó.

"Ọ̀gá mi, ẹ wo ibí. Ẹ́ńjìnnì yìí ń húkọ́ sínú ara ẹ̀ ni. Èéfín tó ní ọ́ìlì nínú ń jáde látinú ikùn ẹ̀, páìpù yìí wá ń dá a padà sọ́nà ọ̀fun. Bó bá pẹ́, gbogbo ọ̀fun ẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn òyìnbó ti rí nǹkan ṣe sí i. Agolo ni! A ó gé páìpù yẹn, a ó fi agolo sáàárín. Èéfín á wọ inú agolo, á fi ọ́ìlì sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wá fa atẹ́gùn tó mọ́."

"Ta ló ti ní irú ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn?" ni Olóyè bi í.

"Nínú ọkọ̀ ìjọba? Mi ò rí ọ̀kan rí, sà."

Ojú Olóyè tàn. Èyítáyọ̀ kò tíì dákẹ́.

"Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan o, sà. Ẹ gbọ́dọ̀ máa tú u dànù. Kọ́ọ̀kì ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bó bá ti tó ìdajì, ẹ tú u. Ẹ má jẹ́ kó kún! Bó bá kún, ọ́ìlì yẹn á bá atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ò sì mọ ọ́ìlì yàtọ̀ sí dísẹ́ẹ̀lì, á máa mu ún ni. Bó bá ti ń mu ún, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ o, ẹ ò yọ kọ́kọ́rọ́ o, kò ní kú."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́. Olóyè gbọ́. Sàlàhúdíìnì dẹ́rẹ́bà gbọ́. Timothy, alukoro Àjọ, gbọ́. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé àìmọ̀ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó fà á burú ju àìmọ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n de agolo náà, Olóyè jókòó lórí àga ní ẹ̀gbẹ́ jíìpù, wọ́n gbé agbòòrùn lé e lórí, ó sì ń darí iṣẹ́. Èyítáyọ̀ fẹ́ de agolo mọ́ ẹ̀yìn, níbi tí ooru kò pọ̀. Olóyè ní kò gbọdọ̀ fara pamọ́, ṣé olè ni? Wọ́n gbé e wá síwájú. Èyítáyọ̀ gé páìpù, ó ti hóòsì kan bọ ẹnu agolo, ó ti èkejì jáde lọ sí ọ̀nà tọ́bò, ó fi ìdè irin há wọn pinpin. Agolo ń dán bíi kọ́ọ̀pù bọ́ọ̀lù. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ènìyàn fi ń wo ibi tí ọ́ìlì dé.

"Kí ni ihò yìí?" ni Olóyè bèèrè.

"Ibẹ̀ lẹ ó ti máa wo bó bá ti ń kún, sà."

"Ibẹ̀ ni pátákó orúkọ máa wà."

Ibẹ̀ náà ni ó sì wà. Wọ́n ṣe pátákó idẹ kékeré kan, wọ́n fín gbogbo oyè Olóyè sí i, láti Alàgbà dé Ẹgbẹ́ Akọrin, wọ́n sì fi bo gíláàsì náà pátápátá. Ní ìsàlẹ̀ pátákó, wọ́n kọ ọ́ pé Kọmíṣọ́nnà ló ṣí agolo yìí, wọ́n wá fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ láìkọ.

Ìpàdé tí wọ́n fi pinnu ìyẹn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Timothy ló kọ́kọ́ dìde. Timothy yìí, bí ẹ bá fi í síwájú àga tó ṣẹ́, yóò yìn ín títí àga yóò fi gbà pé òun ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

"Ọlọ́lá wa," ni ó wí, "ìyókù ayé rò pé agolo ni. Èmi ti ojú ẹ̀mí wò ó. Ìwà Olóyè ni wọ́n sọ di irin! Bí agolo yìí ti ń gba ìdọ̀tí mọ́ra kí ẹ́ńjìnnì lè mí, bẹ́ẹ̀ ni Olóyè ń gba gbogbo wàhálà wa mọ́ra kí ìpínlẹ̀ yìí lè mí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó nu ojú, bóyá nítorí pé ó ń sunkún, bóyá nítorí pé ó ń wá ọ̀nà bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

"Ó ti yé mi," ni Olóyè wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ara rẹ̀ hàn án. "A ó pe Kọmíṣọ́nnà kó wá ṣí agolo yìí. Títí di ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́ọ̀kì ẹ̀. Ṣé a máa ń jẹun ibi ìyàwó kí ìyàwó tó dé? Ẹ fi ríbọ́ọ̀nù dì í."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé àti funfun di kọ́ọ̀kì agolo pa, wọ́n sì fi èdìdì pupa lẹ kókó rẹ̀. Nígbà tí inú Olóyè sì ti dùn tán, ó pàṣẹ pé kí wọ́n de irú agolo bẹ́ẹ̀ mọ́ gbogbo ohun ìní Àjọ. Wọ́n dè é mọ́ àwọn ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò. Wọ́n dè é mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Wọ́n dè é mọ́ tírélà kan tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà tipẹ́, agolo yẹn nìkan ló sì mọ́ títí dòní.

Kọmíṣọ́nnà gbà láti wá. Lẹ́yìn náà, ó ní ìpàdé bọ́ sí i ní Àbújá. Wọ́n sún un síwájú. Òjò wá pọ̀, ojú ọ̀nà kò dára, wọ́n tún sún un. Ìsìnkú kan ṣẹlẹ̀, ìgbéyàwó kan tẹ̀ lé e, òjò lọ, ọyẹ́ wọlé, wọ́n ṣáà ń sún un síwájú. Ní gbogbo àkókò yẹn, Olóyè ń gun jíìpù rẹ̀ káàkiri, ó ń lọ sí Èkó, ó ń bọ̀, ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì han ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú.

Nínú agolo lọ́hùn-ún, ọ́ìlì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kò gbọ́ pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú.

Sàlàhúdíìnì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kì í fẹ́ wàhálà, ohun kan ṣoṣo tó ń wá nílé ayé ni kí ó dé Igbein kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ká rọra tú agolo yẹn? A lè tún ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ dì padà."

"Sàlàhúdíìnì, bí o bá jẹ́ olórí ìránṣẹ́ láàfin, ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ iṣu tuntun kí Aláké tó fẹnu kàn án, àbí?"

"Rárá o, sà."

"Wa ọkọ̀."

Ó wa ọkọ̀. Nígbà tó yá, èéfín búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn jíìpù. Timothy ní kì í ṣe èéfín lásán, tùràrí ni, pé ọkọ̀ ń sun tùràrí níwájú ẹni iyì. Èyítáyọ̀ pe Olóyè lórí fóònù, ó pariwo, ó ní òun ti rí fídíò ọkọ̀ kan tó kún báyìí, pé ẹ̀rù ba òun. Olóyè ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fi ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ pàtàkì. Ọ̀gá rẹ̀ pàtàkì náà sì ni Olóyè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Olúkẹ́mi jókòó sínú jíìpù láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi etí ìborùn rẹ̀ bo imú.

"Bàbá Ọpẹ́, ọkọ̀ yín yìí ti ń mu sìgá."

"Ìyá Ọpẹ́, agolo ló ń ṣiṣẹ́."

"Agolo tí wọn ò tú, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Kọmíṣọ́nnà fẹ́ fi ọ́ìlì ìdọ̀tí ṣe? Ṣé ó fẹ́ fi sebẹ̀ ni?"

Olóyè yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti ń bẹ̀rù díẹ̀. Ní òru, á máa rántí ohun tí Èyítáyọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá tú agolo láìsí Kọmíṣọ́nnà, kí ni Kọmíṣọ́nnà fẹ́ wá ṣí? Bí kò bá sì rí nǹkan kan wá ṣí, ta ni yóò yọ adelé kúrò lórí pátákó? Bí ó bá rò ó dé ibẹ̀, á yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àánú rẹ̀ ì bá ṣe wá, bí kì í bá ṣe pé àwa là ń fi owó orí ra dísẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ ńlá wá pé. Ẹ ò rí àgbàlá Kọ́bapẹ́ lọ́jọ́ náà! Kánópì wà lọ́tùn-ún, kánópì wà lósì. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wá láti yan, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń yan fún. Ẹgbẹ́ Akọrin Igbein wọ aṣọ funfun, gbogbo òṣìṣẹ́ sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya àwòrán agolo sí láyà. Àlùfáà wà níbẹ̀ láti bù kún un. Olóyè wọ agbádá sányán tó wúwo débi pé tí ó bá yà sápá kan, agbádá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gbé jíìpù sáàárín, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, agolo ń dán nínú oòrùn ọyẹ́, ríbọ́ọ̀nù ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Kọmíṣọ́nnà dé, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Olóyè gba gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ì bá kún un kó sì dà sílẹ̀.

"Ọlọ́lá jùlọ, ẹ̀yin ọmọ Lísàbi! Àwọn baba wa sá pamọ́ sábẹ́ Olúmọ, òkúta gbà wọ́n. Lónìí, àwa náà ti ní ohun tó ń gbà wá! Wọ́n bi mí pé, Olóyè, kí ni tọ́bò láìsí agolo? Mo ní, kí ni ara láìsí ẹ̀dọ̀? Wọ́n bi mí pé, kí ni Àjọ láìsí adarí? Mo dákẹ́. Mo dákẹ́, nítorí pé adelé kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn!"

Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó wo Kọmíṣọ́nnà láti igun ojú. Kọmíṣọ́nnà ń ti àwo oúnjẹ padà sí ọwọ́ ẹni tó gbé e wá, ó ní òun ò fẹ́.

"Sàlàhúdíìnì!" ni Olóyè ké. "Tan ọkọ̀! Kí Ọlọ́lá jùlọ gbọ́ bí tọ́bò ṣe ń mí, kí wọ́n tó gé ríbọ́ọ̀nù!"

Sàlàhúdíìnì tan ọkọ̀. Ó rọra mí.

"Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Mo ní tẹ̀ ẹ́! Ṣé wọ́n gé ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

Sàlàhúdíìnì wo Èyítáyọ̀, Èyítáyọ̀ gbé ọwọ́ lérí. Dẹ́rẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Tọ́bò sì fà. Ó fa atẹ́gùn, kò tó o, ó wá fa gbogbo ohun tó wà nínú agolo láti ìgbà òjò.

Ẹ́ńjìnnì bú bí ìjì. Sàlàhúdíìnì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ń bú lọ. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sókè kí gbogbo ayé rí i, ó ń bú lọ. Èéfín funfun rú jáde, ó bo kánópì ọ̀tún, ó bo ti òsì, ó gbé Ẹgbẹ́ Akọrin mì láàárín orin. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tú ká, inú wọn ń dùn, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tó dára yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n bá kó wọn lọ yan. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó rí i pé ohùn ẹ́ńjìnnì ju tòun lọ, ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Olóyè nìkan ló dúró. Gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo pàṣẹ fún ọ!" ni ó ké sí ẹ́ńjìnnì. "Ní orúkọ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí, dákẹ́!"

Ìjọba ìpínlẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ dí i nímú!" ni Èyítáyọ̀ ń pariwo, ó ti yọ páìpù ńlá tí atẹ́gùn ń gbà wọlé kúrò. "Ẹ bá mi mú aṣọ wá! Aṣọ tó nípọn!"

Timothy sáré bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì alágolo rẹ̀ fún un. Páìpù gbé e mì bí ẹni gbé oògùn mì. Wọ́n tún fi aṣọ akọrin kan sí i, ó gbé ìyẹn náà mì. Láti inú èéfín ni ohùn Kọmíṣọ́nnà ti jáde, ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ó yè kooro.

"Olóyè, ẹ bọ́ agbádá yẹn!"

"Agbádá ìfilọ́lẹ̀? Ọlọ́lá jùlọ, sányán ni o!"

Sàlàhúdíìnì, ẹni tí kì í fẹ́ wàhálà, dé láti ẹ̀yìn, ó gbá agbádá mú ní etí ìsàlẹ̀, ó sì bọ́ ọ gba orí Olóyè bí ìgbà tí wọ́n ń bó iṣu. Èyítáyọ̀ ká a, ó ki í bọ páìpù. Ẹ́ńjìnnì fa sányán, sányán há, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n rìrì, ó tú èéfín ìkẹyìn lu gbogbo ènìyàn, ó sì kú.

Gbogbo àgbàlá pa rọ́rọ́. Bí èéfín ti ń lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí Olóyè díẹ̀díẹ̀, nínú bùbá àti ṣòkòtò, ojú rẹ̀ dúdú, fìlà rẹ̀ ti lọ. Ó rìn lọ sí ìdí jíìpù, ó gbé àlùmọ́gàjí tó wà lórí àwo, ó sì mú un tọ Kọmíṣọ́nnà lọ.

"Ọlọ́lá jùlọ," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ríbọ́ọ̀nù ò jóná. Ẹ ṣì lè gé e."

Kọmíṣọ́nnà wo àlùmọ́gàjí, ó wo agolo.

"Ìgbà wo lẹ de nǹkan yìí?"

"Láti ìgbà òjò ni."

"Ẹ ò sì tú u rí?"

"Ẹ̀yin là ń dúró dè, Ọlọ́lá."

"Èmi? Kí n fi gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, kí n wá bá yín da ọ́ìlì nù?"

Olóyè fi àlùmọ́gàjí pamọ́ sẹ́yìn. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kọmíṣọ́nnà wọ ọkọ̀ tirẹ̀, kò bínú, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn, ìyẹn ló sì dun Olóyè jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ tò lórí ìlà bí ìṣe wọn. Ẹlòmíràn ló sọ̀ kalẹ̀. Timothy ti kọ́ gbogbo oyè ẹni tuntun náà sórí ní òru mọ́jú, ó sì kà á láìfo ẹyọ kan. Ní ti Olóyè, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka Àjọ ní Wásinmi. Wọ́n sì ṣe oore kan fún un o, ẹ má jẹ́ a fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀bi. Wọn kò pè é ní adelé mọ́. Adarí ni wọ́n fi í ṣe, odindi Adarí, lórí yàrá kan àti katakata kan tí koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde.

Olúkẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Ó di oúnjẹ fún un ní òwúrọ̀ tó ń lọ, ó sì tún kọ́là bùbá rẹ̀ ṣe. Ọkọ rẹ̀ ni, ó sì dùn ún.

"Ẹ lọ ṣe jẹ́jẹ́ o, Bàbá Ọpẹ́," ni ó wí. "Ibẹ̀ náà, ènìyàn ló wà níbẹ̀."

Ọ̀kadà ló gbé e dé ẹ̀ka náà. Kò sí ẹni tó tò lórí ìlà. Ní ọ̀ọ́kán ọ́fíìsì rẹ̀, nítòsí ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, ẹ̀rọ omi tuntun kan wà, táǹkì rẹ̀ ga, wọ́n sì fi wáyà so ẹnu rẹ̀ pa. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bàrákátù, ìyẹ̀fun gàrí kún apá rẹ̀, gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́, ó súnmọ́ ọn.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ kú ọ̀nà. Ṣé ẹ̀yin ni ẹni ńlá tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá ṣí omi yìí? A ti ń dúró dè yín láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Odò la ṣì ń pọn."

Àyà Olóyè gbéra. Ara rẹ̀ tún yá gágá. Ó nu bàtà rẹ̀, ó bèèrè bóyá wọ́n ní ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ní àwọn ò ní. Ó bèèrè àlùmọ́gàjí, wọ́n ní ọ̀bẹ ni àwọn ní. Ó ní kò burú. Ó gun orí òkúta kékeré kan, ó sì wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará Wásinmi! Kí ni omi? Wọ́n bi mí pé, Olóyè, kí ni ilẹ̀ láìsí omi? Mo ní…"

Bàrákátù ti lọ mú ẹ̀mú wá láti ibi ìyangàrí. Kí Olóyè tó sọ ohun tí ó ní, ó ti já wáyà náà, ó sì ti yí kọ́ọ̀kì. Omi tú jáde. Àwọn obìnrin hó yè, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òkúta kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú báàfù, pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú garawa. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Kò kàn sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ ni.

Ó sọ ìyókù gbólóhùn rẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi di ẹnu kẹ́ẹ̀gì yìí mú, ó ń yẹ̀," ni Bàrákátù wí. "Bó bá kún, kẹ́ ẹ pariwo, mo fẹ́ lọ gbé òmíràn wá."

Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò rán. Gbogbo ọwọ́ ló dí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹnu kẹ́ẹ̀gì mú, omi ń ta sí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tí omi dé ọrùn kẹ́ẹ̀gì, ó pariwo pé ó ti kún.